Ọwọ́ Tí Mo Fi Ń Júwe

Ilé àlejò Òkè-Osè kò ju yàrá kan lọ.
Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ,
àti ìwé ńlá tí ìjọba ìbílẹ̀ ní kí àlejò fọwọ́ sí:
orúkọ, ibi tí ẹ ti wá, ọjọ́, ọ̀rọ̀ yín nípa ìlú wa.
Láti Iléyá èṣí, ènìyàn mọ́kànlélógún.
Mẹ́ta nínú wọn, òjò ló lé wọn wọlé.

Èmi Múnírátù ni mo ń gbálẹ̀ ibẹ̀, èmi náà ni mo ń sọ ìtàn.
Owó oṣù márùn-ún mi ṣì wà lọ́nà,
bóyá ọkọ̀ tó gbé e taku sí ibì kan.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè.
Mo ní ẹ gun àpáta, ẹ kọjú sí ọ̀nà Ọ̀rọ̀,
ẹ na fóònù sókè bí ẹni ń ká àgbálùmọ̀.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wò yíká, wọ́n á ní:
"Kí ló wà níbí gan-an?"

Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n tẹ̀ fún ìyẹn.
Ọba mẹ́rìnlá, ogun mẹ́ta,
ọdún lúkúlúkú, ọdún eéṣú,
ọjọ́ tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé tí àwọn ewúrẹ́ sá lọ sóko.
Mo máa ń kà á tán kíákíá
kí n lè mú wọn gòkè.

Ojú ọlọ méje wà lára àpáta.
Kò sẹ́ni tó gbẹ́ wọn.
Ọdún tí àwọn ẹlẹ́ṣin lé ìlú gòkè,
ibẹ̀ ni àwọn ìyá kúnlẹ̀ sí tí wọ́n ń lọ ọkà,
títí ọkà fi tán, tí àpáta sì jìn.
Omi òjò ló ń dúró nínú wọn báyìí. Àdàbà ń mu ún.

Ọwọ́ méjèèjì la fi ń ti ọmọ ọlọ,
ṣùgbọ́n ọwọ́ kan máa ń wúwo ju èkejì.
Mẹ́fà nínú wọn fì sọ́tùn-ún.
Ìkarùn-ún láti ìdí osè, òsì ló fì sí.
Bàbá Jọláyẹmí ní bó ṣe wu òkúta ló ṣe jẹ.
N kò bá a jiyàn. Àgbà ni.
Ṣùgbọ́n mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ mi wọ̀n ọ́n.

Ìyá mi fi ọ̀já di ọwọ́ yìí mọ́ mi níbàdí
kí n lè kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún jẹun.
Tíṣà Bánigbé na àwọn ìka rẹ̀ títí ṣọ́ọ̀kì fi bọ́.
A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni:
kò sí òwe tí mo gbọ́ tó o láyé.
Ẹ wá wo iṣẹ́ tí Ọlọ́run wá fún mi.

Ta ni ìyẹn, tí ogun wà nísàlẹ̀, tí ebi wà lókè,
tí ẹnikẹ́ni kò ráyè bi í pé ọwọ́ wo lo fi ń lọ̀ ọ́?
Kò sí nínú ìwé pélébé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ iléèwé dé láti Àjàṣẹ́,
mẹ́rìndínlógún nínú bọ́ọ̀sì kan, gbogbo wọn ń jẹ gúgúrú.
Wọ́n ń fo àwọn ojú ọlọ bí ẹni ń fo kòtò.
Ọ̀kan, ọmọbìnrin tínńrín, kò fò.
Ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ kan bọ omi ìkarùn-ún,
ó tì í lọ, ó fà á bọ̀.
Olùkọ́ rẹ̀ pariwo pé kó má ba aṣọ jẹ́.

Nígbà tó dé ìdí ìwé, mo wo ọwọ́ tó fi gbé bírò.
N kò sọ nǹkan kan.
Tòyọ̀sí lorúkọ rẹ̀. Lábẹ́ "ọ̀rọ̀ yín nípa ìlú wa"
ó kọ ọ́ gánnagànna, ọwọ́ rẹ̀ ń nu tàdáwà kiri:
Ó gba ọwọ́ mi.

Ó gbójú sókè. "Àǹtí, níbo la ti ń tọ̀?"
Mo na ọwọ́ mi.